Ẹni Tí Humairah Rán Lọ sí Itẹ́

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín rán an," Olúfúnmi sọ, ó sì nawọ́ sí aṣọ funfun náà.

Ìyá Mùjíbátù, àgbà obìnrin tó máa ń wẹ òkú àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn ní Ìyànà Ọ̀fà, mi orí. "A kì í rán an, Ìyá Gift. A ó kàn gé e ni, a ó sì fi wé e. Aṣọ márùn-ún ni ti obìnrin."

Aránṣọ ni Olúfúnmi, ọmọ ìjọ Kérúbù sì ni. Ọdún mọ́kànlá ni òun àti Hàjàrá fi jọ lo ṣọ́ọ̀bù kan. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Hàjàrá kú, wọ́n sì ti ní lẹ́yìn ìrun Àìlà ọ̀sán làwọn yóò sin ín. Ó ya Olúfúnmi lẹ́nu. Ká ní ìjọ tiwọn ni, wọn ì bá ṣì máa wá pósí.

Wọ́n ní kó máa gbé omi wá sẹ́nu aṣọ tí wọ́n ta yí ibi tí wọ́n ti ń wẹ òkú ká. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tó wà nínú, jẹ́jẹ́: apá ọ̀tún ni kí wọ́n kọ́kọ́ wẹ̀, kí wọ́n tún omi dà sí i. Humairah, ọmọ olóògbé, ẹni ogún ọdún, wà láàárín wọn. Nígbà tí Fàtáì, àbúrò olóògbé, wá béèrè bóyá wọ́n ti ṣe tán, òkèèrè ló dúró sí. Kò sí ọkùnrin tó wọlé.

Wọ́n gbé òkú síwájú ilé. Àwọn ọkùnrin tò sẹ́yìn lèmọ́mù, àwọn obìnrin tò sẹ́yìn wọn. Olúfúnmi ń retí ìgbà tí wọn yóò forí kanlẹ̀, bó ti máa ń rí wọn. Wọn ò tẹríba rárá. Ìdúró ni wọ́n wà títí wọ́n fi kírun náà tán.

"Bọ̀dá Fàtáì, mo fẹ́ tẹ̀lé yín," Humairah wí.

"Obìnrin kì í tẹ̀lé òkú lọ sí itẹ́ nílé wa. O ti ṣe tìrẹ, ọwọ́ rẹ lo fi wẹ ìyá rẹ." Fàtáì yíjú sí Olúfúnmi. "Ẹ̀yin, àlejò ni yín. Bí ẹ bá fẹ́ bá wa lọ, mi ò ní dá yín dúró."

Lójú Olúfúnmi, ó dà bí ìgbà tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n sì gbé e fún òun. Kó tó dáhùn, Humairah ti dì í lọ́wọ́ mú. "Mọ́mì Gift, ẹ lọ bá mi wò ó. Gbogbo ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ sọ fún mi. Ẹ má fi ọ̀kan pamọ́."

Olúfúnmi nìkan ni obìnrin ní itẹ́. Omi ti ń sun nínú sàréè. Fàtáì ká jalamíà funfun rẹ̀ sókè, ó bọ́ sínú sàréè náà, ó ń fi ike ọ̀dà gbọ́n omi náà. Àwọn kan ní àwọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò fi ike náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da yanrìn gbígbẹ sí i. Wọ́n fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún Hàjàrá tẹ́ ẹ, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn.

Lójú ọ̀nà ilé, Olúfúnmi pinnu pé òun ò ní dárúkọ omi. Nígbà tó délé, ó sọ ìyókù fún Humairah, títí kan igi káṣù tó wà nítòsí.

"Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta," Humairah wí. "Ṣé omi ò sí níbẹ̀?"

Olúfúnmi jẹ́wọ́ fún un. "Ó wà. Bọ̀dá Fàtáì ló wọ inú ilẹ̀ lọ gbọ́n ọn. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣe é."

Humairah ò sunkún. Ó wo ìta, níbi tí Fàtáì jókòó sí pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ títí dé orúnkún. Ó bu omi sínú abọ́, ó gbé e lọ síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Bọ̀dá, lọ́la, ẹ ó mú mi lọ wo ibẹ̀."

Fàtáì ki ẹsẹ̀ kan bọ omi. Ó fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀, ó sì ki ìkejì bọ̀ ọ́.

"Lẹ́yìn Àsùbáà ni ká lọ," ó ní. "Wọ bàtà tó nípọn."