Àtàǹpàkò Inú Ẹ́ńjìnnì

Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo fi fura sí ọkọ mi, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ermes lorúkọ rẹ̀. Mẹkáníìkì ni nígbà ayé rẹ̀, ní abúlé wa létí odò Secchia. Lọ́dún 1961, Lọ́yà Malagoli gbé ọkọ̀ eré-ìje pupa rẹ̀ wá kó bá òun tún un ṣe, oṣù mẹ́rin lọkọ̀ náà lò nínú ṣọ́ọ̀bù wa. Nígbà tó jáde, àwọn èèyàn ní ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti yàtọ̀. Wọ́n ní Ermes ti yọ ojúlówó tà, ó ti ki òmíràn bọ̀ ọ́. Oṣù yẹn gan-an la sì ṣe òrùlé wa tó ń jò. Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nídìí oúnjẹ alẹ́. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó jáde. Látọjọ́ náà, tí òjò bá ń rọ̀ tí omi ò kán sí mi lórí, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Lóṣù Kẹrin tó kọjá, Ludovica, ọmọ-ọmọ lọ́yà, wá bá mi nílé. Òun ló ni ọkọ̀ náà báyìí. Ó ní olùyẹ̀wò kan ń bọ̀ láti Milano, tí yóò kọ ọ́ sínú ìwé bóyá ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi bí ọkọ̀ náà ló ṣì wà nínú rẹ̀.

"Màmá, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ níbi tí ẹ ti ń ṣe irun."

"Màá wá."

"Ẹ ò nílò láti wá o."

"Mo ní màá wá."

Prandi lorúkọ olùyẹ̀wò náà, nílé Ludovica la ti pàdé nídìí ọkọ̀ náà. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀bí. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sára nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ó pòṣé.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lu nọ́ńbà tó kẹ́yìn yìí sára irin, bíi pé ẹnì kan yí i padà. Mẹ́jọ ló wà lábẹ́ mẹ́ta. Ta ló tún ọkọ̀ yìí ṣe?"

Ludovica wò mí, ó yára gbójú kúrò.

"Ọkọ mi ni," mo dáhùn.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ohun tójú mi rí ni màá kọ."

"Ẹnu ọ̀nà lo wò, ọmọ mi, o ò tíì wọlé. Tú àwo irin ẹ̀gbẹ́ yẹn kúrò, kí o wo ihò tí omi ń gbà."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Èmi ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ fún un. Níbi tí wọ́n ti da irin ẹ́ńjìnnì yẹn ni mo ti ṣiṣẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Àwa obìnrin la máa ń fi epo po iyanrìn, a ó mọ ọ́n bí ère, a ó yan án bí búrẹ́dì. Orí ère iyanrìn náà ni wọ́n ń da irin yíyọ́ sí. Tí wọ́n bá gbọn iyanrìn dànù, àyè rẹ̀ lomi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù yóò máa gbà. Ọ̀gá wa ní kí kálukú fi àmì sí tirẹ̀, kó lè mọ ẹni tí yóò bú. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ lẹ́tà, èmi ń tẹ àtàǹpàkò. Ibi tí mo bá tẹ̀ wọlé nínú iyanrìn, ibẹ̀ nirin yóò ti wú jáde. Lóṣù Kìíní ọdún yẹn a pa ẹlẹ́dẹ̀ nílé, ọ̀bẹ gé mi lọ́wọ́, mo fi aṣọ di àtàǹpàkò. Yìnyín dí ọ̀nà, èédú tán, ẹyọ ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo la rí dà lọ́sẹ̀ náà. Ermes, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ eré-ìje, ló wá gbé e. Ó tan iná sínú ihò, ó ní, "Ta ló fi àkísà tẹ nǹkan síbí?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "Á jẹ́ pé ìwọ náà máa sáré." Inú ọkọ̀ pupa yìí ló gbé e sí. Báyìí la ṣe mọra.

"Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko nìyẹn, Màmá," Prandi wí.

Ludovica ní, "Títí bàbá àgbà mi fi kú ló ń pe ọkọ Màmá lólè. Ẹ tú u."

Omi ìpẹtà dà sára ìbọ̀wọ́ funfun. Prandi yọjú wo inú ihò náà, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ ni."

Mo jókòó lórí táyà kan. Mo ń rí òrùlé ilé mi lójú. Ìgbà tó yá ni mo rántí.

"Ọwọ́ òsì ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Yà sí apá kejì, lókè. Má fojú wá a, fi ìka wá a."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ti ìka bọ inú ihò. Ó tún ti ìka bọ̀ ọ́.

"Ó wú," ó wí jẹ́jẹ́. "Ó rí bí ojú aṣọ."

"Nọ́ńbà yẹn wá ńkọ́?" Ludovica béèrè.

"Ẹni tó lù ú níbẹ̀rẹ̀ ló ṣì í lù. Ẹni tó bá ń ṣe ayédèrú kì í jẹ́ kí àṣìṣe hàn." Prandi fa igi lé ohun tó ti kọ.

Ludovica dì mọ́ mi. "Màmá, ẹ forí jì wá."

"Ermes ni kí ẹ bẹ̀. Èmi náà ṣì ní ẹ̀bẹ̀ tèmi láti bẹ̀ ẹ́."

Mi ò tíì mọ ibi tó ti rí owó òrùlé yẹn. Mo ti ń fura sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní ìlú Carpi. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo gbé àga sábẹ́ ibi tó máa ń jò tẹ́lẹ̀, mo jókòó síbẹ̀ títí òjò fi dá.