Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Tí Khairiyyah Kọ

Ẹnu mi yìí ló kó bá Khairiyyah. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, nọ́ọ̀sì ni, èmi ni mo sì tọ́ ọ dàgbà n'Ísàlẹ̀ Gángan. Aláìsàn kan já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù aládàáni tó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n wá ní ó fi ẹnu iṣẹ́ sílẹ̀. Irọ́ burúkú! Dókítà ló rán an lọ gba ẹ̀jẹ̀ ní láàbù. Dókítà ọ̀hún sẹ́ kanlẹ̀.

Ní agboolé tiwa, tí ọ̀gá bá ti ń bínú, a ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ ná, ìgbà tínú rẹ̀ bá rọ̀ la tó ń wo ẹni tó jẹ̀bi. Mo ní kí Khairiyyah kọ̀wé pé òun jẹ̀bi, kí wọ́n forí jì òun. Ó ní òun ò ṣẹ̀. Mo ní ta ló bi í léèrè. Ó kọ ọ́, àwa àgbà mẹ́ta gbé e lọ, a kúnlẹ̀ síwájú ọ̀gá ọsibítù. Lọ́jọ́ kejì wọ́n lé e.

Ó pe wọ́n lẹ́jọ́. Ọdún méjì gbáko la fi lọ kóòtù, ìwé yẹn náà sì ni lọ́yà wọn fà yọ. Adájọ́ ní ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́ pé òun jẹ̀bi, kò sẹ́ni tó fipá mú un. Ó da ẹjọ́ náà nù. Ojú tì mí, mi ò lè wo ọmọ náà lójú.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a gbọ́ pé ọsibítù kan lẹ́bàá ọjà Sandgrouse ń wá nọ́ọ̀sì. Khairiyyah ní ta ni yóò gba ẹni tó pàdánù ẹjọ́ báyìí. Mo fà á lọ. Wọn ò pè mí wọlé o, àmọ́ mo wọlé.

Mátírọ̀n ibẹ̀, Ìyá Ìjẹ̀ṣà kan tó ń jẹ́ Morẹ́nikẹ́, bi í pé kí ló lé e kúrò níbi tó wà. Kò fi nǹkan kan pa mọ́, ó fi ìwé kóòtù hàn wọ́n. Wọ́n kà á tán, wọ́n béèrè ẹni tó ní kó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Ọmọ mi dorí kodò, kò fẹ́ tú mi fó.

Mo ní, "Èmi ni, mà. Kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ní kó purọ́ mọ́ ara rẹ̀."

Mátírọ̀n wá kọjú sí Khairiyyah, wọ́n ní tí dókítà bá rán an níṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ńkọ́?

Ó ní, "Màá kọ ọ́ sílẹ̀, dókítà á sì fọwọ́ sí i, kí n tó gbẹ́sẹ̀."

Mátírọ̀n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Nígbà tá a jáde sí títì, omi ń bọ́ lójú mi. Mo ní kó foríjì mí. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Mo ti forí jì yín tipẹ́, Àǹtí. Àmọ́ tí mi ò bá ti ṣẹ̀, ẹ má bá mi bẹ ẹnikẹ́ni mọ́."

Mo ní mo gbọ́.