Kẹ̀kẹ́ Orí Ọkọ̀

Àwọn tó ń gbọ́ ìròyìn àwọn agunkẹ̀kẹ́ tó ń kọ́lé fún aláìní máa ń rò pé ìfẹ́ ọmọnìkejì ló ń jí wọn láàárọ̀. Irọ́ ni. Ìdí ríro ló ń jí wọn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, wàá rí àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdí mú, tó ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ lọ síbi ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń tò sí. Ilẹ̀ yàrá ìkàwé ni wọ́n ń sùn, tàbí gbọ̀ngàn tí ẹnì kan fi ṣàánú wọn. Ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fọ̀ lálẹ́ kì í gbẹ tán, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á sì ṣe wọ̀ ọ́. Ìdúró ni wọ́n ti ń jẹ búrẹ́dì, torí kò sẹ́ni tí ìjókòó ń wù. Wọ́n á wá ká ẹní, wọ́n á kó ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n á sì tún lọ gun ohun tó dá ọgbẹ́ sí wọn lára.

Báyìí ni wọ́n ń ṣe láti ìlú dé ìlú. Wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á dúró níbi tí ẹni tí kò rílé gbé bá wà, wọ́n á bá a kọ́ ilé kékeré kan, wọ́n á sì tún gbọ̀nà.

Obìnrin aránṣọ kan wà láàárín wọn. Kẹ̀kẹ́ ò wù ú rárá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ káfíńtà ni kẹ̀kẹ́ wù, ẹ̀gbọ́n yìí sì ni bàbá àti ìyá tó mọ̀ láyé. Nígbà tí àwọn òbí wọn kú, káfíńtà ti ilé ẹ̀kọ́ jáde, ó kó sídìí pákó, ó sì fi owó pákó rán àbúrò rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bó bá ní òun ń lọ sínú iná, wàá bi í pé irú bàtà wo ni kí o wọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ń kúrò nílé, ìyàwó káfíńtà fa aránṣọ sí kọ̀rọ̀ kan nínú ilé ìdáná. Òpéléngẹ́ ló máa ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aránṣọ ti kúrò ní òpéléngẹ́ tipẹ́tipẹ́.

"Òpéléngẹ́, ẹ mọ̀ pé ọkọ mi kì í gbọ́ tèmi. Tiyín ni wọ́n máa ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kúrò lójú yín."

"Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n kúrò lójú mi."

Ìdí rẹ̀ nìyí tí aránṣọ fi lọ bá Ọ̀gá, ẹni tó ń darí ìrìnàjò náà, tó ní kí wọ́n fi òun ṣe akẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ ṣe akẹ́yìn. Akẹ́yìn ló ń jẹ eruku gbogbo ayé, òun ló ń débi oúnjẹ nígbà tó bá ku èérún. Òfin rẹ̀ kò ṣòro: kò gbọ́dọ̀ ré ẹnikẹ́ni kọjá. Ibi tí ẹlòmíì bá ti dúró, ibẹ̀ ni òun náà yóò dúró sí, títí onítọ̀hún yóò fi tún gbéra. Ẹni kan ṣoṣo ló lè fi sílẹ̀ kọjá lọ, ìyẹn ni ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ti wà lórí ọkọ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti gun orí ọkọ̀, a jẹ́ pé olúwa rẹ̀ ti wọ inú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ti dírẹ́bà. Aránṣọ rò ó wò pé bí òun bá wà lẹ́yìn gbogbo ayé, iwájú òun náà ni bọ̀dá òun máa wà. Ta ló máa sọ pé kò ronú dáadáa?

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa àwọn èèyàn yìí. Bó o bá fi ọkọ̀ gé ọ̀nà, bó ṣe wù kó kéré mọ, wọ́n á ní ìrìn rẹ ti já. Wọn kò ní bú ọ. Wọ́n á bu omi fún ọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ọ, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ ti já, ìwọ náà sì mọ̀. Mo ti rí i tí ọkùnrin kan sunkún nítorí ìrìn tó já bí ẹni tí ilé rẹ̀ jó. Ìwà òmùgọ̀ ni, ẹ ò jayò pa. Àmọ́ ìwà òmùgọ̀ tí gbogbo èèyàn bá jọ ń hù kì í jọ ìwà òmùgọ̀ mọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń kan òrùlé ilé opó kan ni àyà káfíńtà ti kọ́kọ́ mú un. Òkè ló wà láti àárọ̀, ìṣó lẹ́nu, òòlù lọ́wọ́, tó ń dá àpárá lu àwọn tó wà nísàlẹ̀ pé àwọn tó kàwé nínú wọn ò lè kan ìṣó méjì kí ọ̀kan má tẹ̀. Aránṣọ ń gbé pákó lọ bá a. Nígbà tó dé ẹsẹ̀ àkàbà, ó rí bọ̀dá rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wọ inú kànga. Ó jókòó lórí òkìtì búlọ́ọ̀kù. Òógùn tó bò ó kì í ṣe òógùn iṣẹ́.

"Bọ̀dá, kí ló dé?"

"Kí ló máa dé? Òòrùn ni."

"Ẹ fọwọ́ di àyà mú."

"Àyà ara mi ni mo dì mú. Àbí ó ní ẹni tó ní kí n bá òun di tiẹ̀ mú?"

Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. "Mò ń lọ sọ fún Ọ̀gá."

Káfíńtà gbá a lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. "Tó o bá sọ fún Ọ̀gá, inú ọkọ̀ ni wọ́n máa jù mí sí. Ìrìn mi ti já nìyẹn. Ilé kan péré ló kù, àbúrò mi. Jẹ́ n fi ẹsẹ̀ ara mi débẹ̀. Mi ò tíì bẹ̀ ọ́ rí láyé."

Òótọ́ ni, kò bẹ̀ ẹ́ rí. Ẹni tó ti ń fún ọ láti kékeré, tó wá tọrọ ẹyọ ohun kan lọ́wọ́ rẹ, báwo lo ṣe fẹ́ sọ pé o ò fún un?

"Tó bá tún ṣe yín, ẹ máa wọkọ̀."

"Mo gbọ́."

"Ẹ ṣèlérí fún mi."

"Mo ní mo gbọ́."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn méjèèjì ló dákẹ́. Nígbà tí ìyàwó pè lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bó ṣe máa ń pè lójoojúmọ́, aránṣọ ní àlàáfíà ni bọ̀dá wà, àwọn ń jẹun lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ni kò ti fọkàn balẹ̀ mọ́. Kò lè sọ ọ́, kò sì lè gbé e mì. Bó bá sún mọ́ bọ̀dá rẹ̀ jù lójú ọ̀nà, ọkùnrin náà á gbin. "Ò ń ṣọ́ mi bí ẹni ń ṣọ́ olè. Sún sẹ́yìn jàre!" Ó wá ń jẹ́ kí àyè díẹ̀ wà láàárín wọn, bí ojú rẹ̀ bá ṣáà ti ń tó o.

Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ síbi ilé tó kù yẹn, òòrùn mú débi pé ọ̀dà ń rọ̀ lábẹ́ táyà. Àwọn tó yára ti lọ tipẹ́. Lẹ́sẹ̀ òkè kan, ṣéènì kẹ̀kẹ́ aránṣọ yọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ìka dá a padà sáàyè rẹ̀, káfíńtà sì ń gun òkè lọ níwájú, ó ń lọ tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, títí tó fi ré òkè kọjá. Ọkọ̀ ẹrù wọn kọjá lára aránṣọ, dírẹ́bà fọn fèrè kí i.

Nígbà tó máa fi dé ṣóńṣó òkè, ó rí ọkọ̀ náà lọ́ọ̀ọ́kán ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Dírẹ́bà wà lórí rẹ̀, ó ń so kẹ̀kẹ́ kan mọ́lẹ̀. Kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé ni. Ọ̀kan ṣoṣo ni kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé láàárín wọn, káfíńtà ló fi ọ̀dà ilẹ̀kùn tó ṣẹ́kù kùn ún. Dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ sì gbéra.

Ó gbọ́ràn! Bọ̀dá òun gbọ́ràn! Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìrìn já, kó já dànù. Ẹni tó wà láàyè ló ń gun kẹ̀kẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tó ń tẹ̀, ó jẹ́ kí òkè gbé òun lọ sísàlẹ̀, ó sì bú sórin. Ohùn rẹ̀ ò dára, ó mọ̀, ìyẹn ni kì í fi í kọrin níbi tí èèyàn bá wà. Nísàlẹ̀ òkè, ó ré ibùdókọ̀ kan kọjá, àgọ́ búlọ́ọ̀kù tó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, tí òjìji rẹ̀ wà lódìkejì. Kò yà síbẹ̀. Kí ló fẹ́ yà wò? Kò sẹ́ni tó kù lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ sì ti wà nínú ọkọ̀.

Abẹ́ igi níwájú ilé epo kan tó ti kógbá sílé ni wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Aránṣọ kò wo ibi oúnjẹ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló lọ tààrà, ó ti to ẹ̀fẹ̀ tó fẹ́ fi bá bọ̀dá rẹ̀ wíjọ́ sẹ́nu. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ẹrù ló wà níbẹ̀ dé òrùlé: páànù, àpò ìṣó, ẹní, pẹ̀lú àwọn méjì tí inú ń run, tí wọ́n ká jọ sórí ẹrù.

"Bọ̀dá mi dà?"

Dírẹ́bà ń jẹ búrẹ́dì. "Ṣebí ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń bọ̀?"

"Mo rí kẹ̀kẹ́ wọn lórí ọkọ̀!"

"Táyà ẹ̀yìn ló bàjẹ́. Mo ní kí wọ́n wọlé, pé a máa há ara wa mọ́ra. Wọ́n ní àwọn ò wọlé, pé ibi tí kẹ̀kẹ́ ti dá dúró làwọn ti máa gùn ún lọ, kí ìrìn àwọn má bàa já. Wọ́n ní kí n tún un ṣe kí n gbé e padà wá." Búrẹ́dì ti dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Wọ́n ní kí n má kánjú. Wọ́n ní àbúrò àwọn wà lẹ́yìn, ó ń bọ̀ wá bá àwọn níbẹ̀."

Iwájú ọkọ̀ ni aránṣọ kó sí, dírẹ́bà sì wakọ̀ padà, kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé náà ń mì jìgìjìgì lókè orí wọn.

Inú ibùdókọ̀ ni wọ́n ti bá a. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì sìmẹ́ńtì, ó fẹ̀yìn ti ògiri tó wà lápá ọ̀nà. Ó ti bọ́ bàtà, ó tò wọ́n síra wọn bó ṣe máa ń tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà ilé. Akoto rẹ̀ wà lórí itan. Ara rẹ̀ ṣì gbóná, àmọ́ òòrùn ló mú un gbóná. Aránṣọ pè é ní bọ̀dá, ó pè é ní bàbá, ó pè é ní orúkọ tí ìyá wọn sọ ọ́, tí ẹnikẹ́ni ò pè é mọ́.

Nílé ìwòsàn, dókítà jáde wá. "Ká ní wọ́n tètè gbé wọn dé..." Ó rí ojú aránṣọ, ó sì gbé ìyókù mì. Ọ̀gá jókòó tì í ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, pé òfin ló tẹ̀lé, pé ẹni tó bá rí kẹ̀kẹ́ lórí ọkọ̀, ohun tó rò náà ni ẹnikẹ́ni máa rò. Èèyàn dáadáa ni Ọ̀gá, gbogbo ohun tó sọ ló sì jẹ́ òótọ́. Aránṣọ kò gbọ́ ọ̀kan. Ohun kan ṣoṣo ló ń rò. Búlọ́ọ̀kù kan péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì nígbà tó kọjá. Ṣé bọ̀dá gbọ́ orin náà? Bó bá gbọ́ ọ, ó mọ ohùn àbúrò rẹ̀. Ṣé ó fẹ́ pè é? Ṣé ó pè é, tí orin ò jẹ́ kó gbọ́? Àwọn tó ń kú, ṣé wọ́n máa ń bínú?

Fóònù káfíńtà, tí wọ́n ti kó fún aránṣọ, dún nínú àpò aṣọ rẹ̀. Ìyàwó ni. Ó jẹ́ kó dún títí tó fi dákẹ́. Ó tún dún.

"Ọkọ mi, ẹ̀yin náà ẹ, kí lẹ ń ṣe tẹ́ ẹ ò tètè gbé e?"

"Èmi ni, ìyàwó wa."

"Òpéléngẹ́! Ẹ fún wọn ní fóònù wọn. Mo fẹ́ bá wọn jà."

Aránṣọ sọ ọ́ fún un. Kò mọ bó ṣe ṣe sọ ọ́. Ìyàwó kò ké. Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán kan ń sọ̀rọ̀ lọ nílé lọ́hùn-ún. Nígbà tí obìnrin náà máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé.

"Ṣé àwọn nìkan ló wà níbẹ̀ ni? Ṣé kò sẹ́nì kankan tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ni?"

Ọ̀gá ti to gbogbo àwíjàre sílẹ̀ fún un. Kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, òfin wà níbẹ̀, dírẹ́bà wà níbẹ̀.

"Èmi ni mò ń bọ̀ lẹ́yìn wọn," ni aránṣọ wí. "Mò ń kọrin ni. Mo kọjá lára wọn."