Ọkọ̀ Olókùn Lára Òkúta

"Ẹ dá òòlù yẹn dúró!"

Agbẹ́-òkúta gbójú sókè. Eruku funfun ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Ìyá aránṣọ, tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ; ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn.

"Màámá, ó ti fẹ́ẹ̀ parí. Lọ́la la máa gbé e lọ síbi ibojì. Ẹ wò ó: orúkọ bàbá rèé, ibi tí wọ́n bí wọn sí rèé."

Obìnrin náà wò ó. Orúkọ ibẹ̀ pé. Àmọ́ agbègbè kékeré tí wọ́n bí ọkọ rẹ̀ sí ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ìlú ńlá kan tó jìnnà réré, tí gbogbo ayé mọ̀. Títí ọkùnrin náà fi kú ló ń ṣàlàyé: "Tiwa kọ́ nìyẹn. Tiwa ni èyí tó ní ọkọ̀ olókùn, tí wọ́n ń fi okùn fà sọdá odò."

"Ìlú ńlá ni gbogbo ẹni tó bá kà á máa rò," ó ní.

"Kí ló wá burú níbẹ̀, ìyàwó?" ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀ gan-an, mi ò ṣàlàyé rí. Tí wọ́n bá ti ní, 'Ará ìlú ńlá!', àyà ni mo máa ń gbé sókè."

Agbẹ́-òkúta bú sẹ́rìn-ín. Ìyá aránṣọ ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, sà. Àbúrò yín ò gbé àyà sókè nítorí ìlú onílùú rí." Ó yíjú sí agbẹ́-òkúta. "Ẹ bá mi gbẹ́ ọkọ̀ olókùn sábẹ́ orúkọ yẹn."

"Àdàbà ni mo mọ̀ ọ́n gbẹ́, màámá. Àdàbà àti àgbélébùú. Ọkọ̀ olókùn kẹ̀? Mi ò rí i rí."

"Èmi náà ò rí i rí."

Ó yọ ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ, ó kúnlẹ̀ ti òkúta. Ó ya odò. Ó ri igi kan mọ́ bèbè kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó tẹjú mọ́ àwòrán náà.

"Igi ti ọ̀hún tẹ̀ díẹ̀," ó wí jẹ́jẹ́.

"Òótọ́ ni, sà. Àbúrò yín sọ fún mi." Ó pa á rẹ́, ó tún un yà.

"Ọkọ̀ gan-an ńkọ́?" agbẹ́-òkúta béèrè. "Bèbè wo ló máa wà?"

Ṣọ́ọ̀kì dúró lókè. Kò ro ti ìyẹn. Ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé kò sẹ́ni tó ń tu ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá kù ní bèbè ìhín ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ fa okùn, kí ọkọ̀ tó lè padà wá gbé e.

Ó ya ọkọ̀ náà sí òdìkejì, ó ṣófo. Ó wá fa okùn rẹ̀ la odò kọjá, ó fà á wá sí bèbè ìhín, títí dé ibi tí òkúta ṣì ń dán, tí wọ́n fi sílẹ̀ de orúkọ òun náà.

"Ẹ gbẹ́ okùn yẹn kó jìn dáadáa," ó ní.