Gáùn Tí Kò Ní Sípù

Ẹ má bi mí bóyá Adébísí mọ̀. Ó mọ̀. Téèpù tó fi ń wọn ènìyàn ti sọ fún un kí ìyá ìyàwó tó mọ̀, kí ọkọ gan-an tó mọ̀. Ohun tó fi ìmọ̀ náà ṣe ló ń bí mi nínú títí dòní.

Ọdún 2004 ni. Bísí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fìrídọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ayédé, ó wá gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìfàkì, nítòsí ibi tí takisí Adó ti ń kó èrò. Ó mọ iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń gbé wá fún un? Yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé àti ṣòkòtò tó ya nídìí. Ohun tó wù ú ju oúnjẹ lọ ni kí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ sínú kàlẹ́ńdà sítáìlì, èyí tí gbogbo télọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri kí oníbàárà lè nàka sí ohun tó wù ú.

Samson, tó ń ya fọ́tò fún irú kàlẹ́ńdà bẹ́ẹ̀ l'Ádó, yà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ó ní, "Bísí, rán gáùn ìyàwó tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Kí ìbàdí rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni màá wá yà á, òun ni màá sì fi ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́."

Láti ọjọ́ náà, Bísí kò fojú kan oorun. Nígbà tí Lọ́lá wọlé, ọmọ bíbí Ìfàkì tó ń ṣiṣẹ́ bàǹkì l'Ádó, tó ní òun fẹ́ rán gáùn ìgbéyàwó, ńṣe ni Bísí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ó wọ̀n ọ́n. Ìbàdí rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Lọ́lá wá dán aṣọ wò, ìbàdí ti di méjìdínlọ́gbọ̀n. Bísí rò pé òun ló ṣì í wọ̀n. Nígbà tó tún wá, téèpù ní ọgbọ̀n. Bísí gbé bírò pé kóun kọ ọ́ sínú ìwé, Lọ́lá gbá a lọ́wọ́ mú.

"Má kọ ọ́, Bísí, jọ̀ọ́. Nígbà tí ìjọ ṣe àyẹ̀wò oyún fún mi, kò tíì hàn. Bí wọ́n bá mọ̀ báyìí, wọn ò ní so wá pọ̀. Díákónẹ́ẹ̀sì ni ìyá mi. Mo gbé! Bá mi rán an kó fẹ̀ láti abẹ́ ọmú wálẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fura."

Bísí rántí kàlẹ́ńdà. Kí ló wà nínú gáùn fífẹ̀ tí Samson máa yà?

"Àǹtí, tó bá fẹ̀, ibẹ̀ ni ojú gbogbo wọn máa kọ́kọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n fún un. Màá fi bóònù sí i, àwọn ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mú aṣọ dúró yẹn, á gbé ikùn yín pọ̀."

"Kò ní ṣe ọmọ náà ní nǹkan kan?"

"Kò ní ṣe é rárá."

Ta ló sọ fún un? Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ẹnu lásán ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, sípù kọ̀, kò padé. Bísí fà á, ó tún fà á, eyín rẹ̀ méjì já. Ṣé ẹ mọ ohun tí ọmọ yìí ṣe? Ó yọ sípù náà kúrò, ó gbé abẹ́rẹ́ àti òwú oníṣẹ́po méjì, ó sì rán ìyàwó mọ́ inú aṣọ rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí. Lọ́lá di igi bẹ́ẹ̀dì mú.

"Bísí, mi ò lè mí dáadáa."

"Wákàtí méjì péré ni, Àǹtí. Ẹ fara dà á."

Ìyá Lọ́lá wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì borí. "Ha! Uṣẹ́ yìí mà rẹwà o!" Òógùn ti bo ojú ọmọ rẹ̀, ó rò pé ayọ̀ ni.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Samson ń yà á lọ́tùn-ún lósì. Bísí dúró ti Samson. Pásítọ̀ ń wàásù lórí sùúrù, ìwàásù náà kò sì fẹ́ tán. Nígbà tó yá, Lọ́lá yí ojú padà. Kì í ṣe ọkọ ló ń wò, kì í ṣe ìyá. Bísí ló ń wò, ètè rẹ̀ sì ti funfun. Bísí gbé ẹsẹ̀ kan.

"Dúró," Samson ní, "ó ku òrùka."

Bísí dúró.

Kí òrùka tó wọ ọwọ́, orúnkún Lọ́lá yẹ̀, ó ṣubú. Nígbà tí wọ́n gbé e, ẹ̀jẹ̀ ti ń tàn kálẹ̀ níwájú gáùn. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì figbe ta. Wọ́n yí i dojú bolẹ̀, ọwọ́ mẹ́wàá ń wá sípù.

"Sípù dà? Ẹ tú u, kò lè mí!"

Bísí sáré dé ibẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Sísọ́ọ̀sì wà nínú báàgì yẹn, èyí tó mú jù lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa gé e. Ṣùgbọ́n abẹ fẹ́lẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ mú, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, kí aṣọ má baà ya.

"Kí lò ń ṣe? Gé e!" Ìyá Lọ́lá ń ké.

"Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Mà."

Ìyá náà já báàgì gbà, ó fa sísọ́ọ̀sì yọ, ó sì la gáùn náà já.

Oyún náà kò dúró. Lọ́jọ́ kẹrin, Bísí lọ sí ọsibítù, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti ń sunkún kó tó dé ibẹ̀.

"Àǹtí, ẹ dárí jì mí."

Lọ́lá kò pariwo, kò bú u. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń béèrè omi lọ.

"Mo ń gbọ́ abẹ náà lẹ́yìn mi, bó ṣe ń já òwú. Mo ń kà á. Mọ́kànlá ni mo kà kí ojú mi tó ṣú." Ó yí ojú sí i. "Mélòó lo tú, Bísí?"

Bísí mọ iye rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó tún un kà lọ́kàn, ó kọjá mọ́kànlá.