Nojeem Jókòó Lé Kúlà Àjẹsára

Ọjọ́ Árafà ni, Iléyá ku ọ̀la. Gbogbo Èkó ti ya wọ Máìlì Tuẹ́fù wá ra ata ọdún, bí ènìyàn bá sì yọ ẹsẹ̀ kan, kò ní rí ibi tí yóò gbé e padà sí. Òjò ti rọ̀ láti àná, omi gọ́tà ti bá omi kànga dọ́rẹ̀ẹ́, àrùn onígbáméjì sì ti wọ Ìkòsí. Ìdí nìyẹn tí àwọn elétò ìlera fi gbé kúlà oníyìnyín wá sí ìlà àwọn onítòmátì, tí wọ́n ń da àjẹsára sẹ́nu ẹni tó bá yanu.

Àwọn tí kò gbààwẹ̀ ti gbà á lówùúrọ̀. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní ìlà náà, wọ́n sì wà nínú ààwẹ̀ Árafà. Wọ́n bẹ àwọn elétò ìlera pé kí wọ́n dúró di ìgbà tí àwọn bá ṣínu.

Bí wọ́n ṣe kírun Àlàásárì tán ni Ọ̀gá Débọ́lá, olórí àwọn elétò ìlera náà, pàtẹ́wọ́.

"Ó tó o. Ẹ kó ẹrù sínú ọkọ̀. A máa padà wá lẹ́yìn ọdún."

Nojeem, ọ̀kan nínú àwọn onítòmátì, gbọ́ ọ níbi tó ti ń já apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Gbólóhùn yẹn gan-an ni àwọn elétò ìlera sọ fún wọn lọ́dún tó kọjá, wọn kò sì padà wá. Lẹ́yìn náà ni onígbáméjì pa Junaid, àbúrò rẹ̀, níṣojú rẹ̀. Òun ló ń nù ún, tó ń pààrọ̀ aṣọ fún un, títí ohun tó ń jáde lára rẹ̀ fi funfun bí omi ìrẹsì, tí ojú rẹ̀ sì wọlé. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nojeem gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ó lọ tààrà síbi kúlà, ó sì fìdí lé e.

"Bàbá, ẹ dìde o," Ìdùnnú, nọ́ọ̀sì tó ń da oògùn náà, wí.

"Mi ò dìde. Lọ́dún tó kọjá, ẹ ní ẹ ń bọ̀, ẹ ò wá; àbúrò mi kú."

Ọ̀gá Débọ́lá dé. "Bọ̀dá, ṣé àjẹsára lẹ fẹ́? Ẹ yanu nísinsìnyí."

"Mo wà nínú ààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ Árafà kì í ṣe dandan. Aláàánú l'Ọlọ́run."

"Mo mọ̀ pé aláàánú l'Ọlọ́run. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ajarat, ìyá tó ń ta ata rodo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nojeem, pariwo sí i: "Bàbá Hidayat, ẹ fìdí lé e dáadáa! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó yọ̀ lábẹ́ yín!"

"Màá pe ọlọ́pàá o," Ọ̀gá Débọ́lá wí.

"Ẹ pè é. Òun náà ń mu omi Ìkòsí. Bó bá dé, kó tò sẹ́yìn."

Oníbàárà rẹ̀ kan láti Ìṣẹ́rí Olówórà wá béèrè tòmátì. Nojeem juwọ́ sí i pé kó lọ rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹnu ya Ajarat.

"Bàbá Hidayat, ọjà ọdún mà lèyí! Tòmátì yín ń rọ̀!"

"Kó máa rọ̀. A kì í sin tòmátì."

Ajarat wò ó. Ó fi igbá bo ata rẹ̀, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e, títí wọ́n fi dí ọ̀nà pa. Ọ̀gá Débọ́lá wò yíká, kò ríbi gbé kúlà gbà. Ó kọjú sí Ìdùnnú.

"Bó o bá fẹ́ dúró, dúró. Èmi ń lọ ní tèmi."

Òun àti àwọn yòókù bá ọkọ̀ wọn lọ, ṣùgbọ́n Ìdùnnú kò tẹ̀ lé wọn. Ó ní, "Bàbá, ẹ dìde díẹ̀ kí n wo yìnyín inú ẹ̀."

"O fẹ́ gbé e sá?"

"Níbo ni mo fẹ́ gbà sá? Àbí mo níyẹ̀ẹ́?"

Nojeem gbé ìdí sókè, ṣùgbọ́n kò gbọ́wọ́ kúrò lára kúlà. Ìdùnnú yọjú wo inú rẹ̀, ó ní yìnyín yóò gbé wọn dálẹ́. Ó fa bẹ́ǹṣì kan, ó jókòó.

Nígbà tí ládàánì pe ìrun Mọ̀gáríbì, wọ́n fi dàbínù ṣínu, wọ́n sì ń yanu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ajarat fajú ro.

"Yéè! Irú kí rèé? Ẹ ò tiẹ̀ fi ṣúgà sí i!"

Ìdùnnú ní, "Ẹ gbé e mì, Mummy. Ẹ má sì torí pé ẹ gbà á mu omi kànga yẹn láìsè é o."

Nojeem ló gbà á kẹ́yìn. Ó gbé e mì, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Bàbá, a kúkú ti dúró," Ìdùnnú wí. "Ẹ jẹ́ kí ti ọdún tó kọjá tán nínú yín."

"Ìwọ lo dúró, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Àwọn tó ní àwọn ń bọ̀ tí wọn ò wá, wọn ò tíì bẹ̀ mí."

"Bí wọn ò bá wá bẹ̀ yín ńkọ́?"

"Kò ní tán nìyẹn."

Nojeem gbé kúlà náà lé èjìká, ó sì ṣáájú Ìdùnnú lọ sí etí títì láti bá a wá ọkọ̀.