Ẹ̀yìn Kọ́tìnnì Gàfárù Onífọ́tò

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: òjòwú ni mí. Gàfárù ọkọ mi ń ya fọ́tò ní Bẹẹrẹ, ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí òkè Mápó, èmi ni mo sì máa ń fi omi fọ àwọn fọ́tò náà kí n tó sá wọn. Gbogbo arẹwà Ìbàdàn ló ti gba ọwọ́ mi kọjá. Èmi nìkan ni kò yà rí, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti dé ilé rẹ̀.

Mo ń mú un mọ́ra títí Felicia fi dé. Tíṣà ni, láti Òkè-Àdó. Kò fẹ́ fọ́tò oníbùbá àti gèlè. Ìró nìkan ló so mọ́ àyà, èjìká méjèèjì wà níta, ó sì wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ bá ọkọ mi. Mo jókòó síwájú kọ́tìnnì, mo na etí.

Mo gbọ́ tí Gàfárù ní, "Ẹ gbọ́rùn sókè díẹ̀. Háà, ẹ mà rẹwà o!"

Ẹ mà rẹwà! "Ọbẹ̀ yìí dùn" ló dára jù tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin yẹn rí. Nígbà tó lọ kí ìrun Alásàárì, mo mú abẹ́rẹ́, mo họ fíìmù Felicia bàjẹ́. Ara tù mí.

Ọjọ́ kẹta, Felicia wá gba fọ́tò. Gàfárù gbé fíìmù sójú ìmọ́lẹ̀, ó wò mí, ó sì sọ fún un pé fọ́tò náà ti bàjẹ́. Felicia bú sẹ́kún.

"Láti ìgbà tí mo ti bímọ lọkọ mi ti ń sọ pé mo ti ṣá, pé kò sóhun téèyàn ń wò lára mi mọ́. Mo ní kí n fojú ara mi rí i kí n tó gbà á gbọ́."

Ojú tì mí, mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, èmi ni mo bà á jẹ́."

Gàfárù ní, "Kí ló ṣe ọ́, Sìdí?"

"Kí ni kò ṣe mí! Ẹ ti ya gbogbo ìlú tán, Bàbá Fàsásì. Àbí èmi kì í ṣe èèyàn?"

"O ò béèrè rí."

"Ṣé ó yẹ kí n béèrè ni?"

Mo rò pé Felicia yóò gbá mi létí. Ó nu ojú, ó fà mí dìde. "Ẹ wá. Ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà, kí wọ́n tó tún tèmi yà." Òun ló bá mi so ìró mọ́ àyà, tó bọ́ ìborùn lọ́rùn mi, tó ní kí n kẹ̀yìn sí kámẹ́rà. Gàfárù wọ abẹ́ aṣọ dúdú tó bo kámẹ́rà, ó pẹ́ níbẹ̀. Kò ní mo rẹwà. Mo ní lọ́kàn mi pé, ẹ ò rí i, èmi kì í ṣe ara àwọn tí wọ́n ń pè ní arẹwà.

Lọ́jọ́ kejì mo ń fọ fọ́tò bí ìṣe mi. Mo fa ọ̀kan jáde nínú omi: obìnrin kan tó kẹ̀yìn, ọrùn rẹ̀ gùn, èjìká rẹ̀ ń dán, ó jókòó bí ẹni tó ni ilé. Inú mi ru. Ta tún ló bí eléyìí? Ìgbà wo ló wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì? Mo ti lanu láti pariwo mọ́ Gàfárù nígbà tí mo rí àpá iná léjìká rẹ̀, àpá tí mo ti ń fi ìborùn bò láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi.

Mi ò rí ẹ̀yìn ara mi rí láyé. Ara mi ni mò ń jowú.